Cessna 172N lórí pápá koríko kúkúrú: kí ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Àṣá_Katy

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Cessna 172N ni mo ní, ti ọdún 1978. Ẹ́ńjìnnì O-320-H2AD tó bá a jáde nílé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, 160 hp (agbára ẹṣin). Ọ̀rẹ́ mi kan ra oko sí tòsí òkun níhìn-ín ní Texas, ó gé koríko ibẹ̀, ó sọ ọ́ di pápá bàálù. Ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ni gígùn rẹ̀, igi tó ga tó 50 ẹsẹ̀ bàtà sì tò sí ìparí rẹ̀ lápá àríwá. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ méjì la fẹ́ máa lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń wo fídíò àwọn ará Alaska tó ń balẹ̀ sórí òkúta etí odò, oorun ti dá lójú mi. VG kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkè ìyẹ́, cuff tí wọ́n ń fi wọ imú ìyẹ́, táyà ńlá, ẹ́ńjìnnì 180 hp, gbogbo rẹ̀ ló wù mí. Owó ọwọ́ mi ò sì ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi ṣáájú?

Ìyá_Páílọ́ọ̀tì

Àbúrò, káàbọ̀. Má tíì yọ owó. Gbé ìwé bàálù rẹ lé itan ká jọ ṣírò.

Ìwé 172N sọ pé bí bàálù bá wúwo dé 2,300 pọ́n-ùn, létí òkun, tí ooru jẹ́ dígíìrì 15, tí atẹ́gùn ò fẹ́, lórí ọ̀dà gbígbẹ, yóò sáré ẹsẹ̀ bàtà 805 kí táyà tó kúrò nílẹ̀, yóò sì ti jẹ 1,440 kó tó ga ju igi 50 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Tó bá ń balẹ̀ ńkọ́? 520 péré ni yóò fi yí nílẹ̀, 1,250 tí a bá kà á láti orí igi. Ṣé o rí i? Bàálù yìí lè wọ ibi tí kò ti ní lè jáde. VG, cuff, táyà ńlá, ìbalẹ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ jù, bẹ́ẹ̀ ìgbéra ló jẹ gbèsè.

Ìwé pélébé tí CAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún àwa tí a ń wa bàálù kékeré ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìṣirò. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ koríko gbígbẹ, fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá tutù, 1.3. Bí ooru bá fi dígíìrì 10 lé, 1.1. Bí ìwọ̀n bàálù bá fi 10% lé, 1.2. Bí atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn wá bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá eré tí o fi ń gbéra, 1.2 náà ni, ìyẹn ò sì ju knot 5 (máìlì òkun márùn-ún ní wákàtí kan) lọ fún ìwọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fi 1.33 lé e fún ààbò.

Wàyí o, ọ̀sán gangan ní Texas, dígíìrì 35, bàálù kún dé ẹnu: 1,440 × 1.2 × 1.1 × 1.1. Ó di 2,091. Pápá ọ̀rẹ́ rẹ ti tán nígbà yẹn, a ò sì tíì fi ti ààbò kún un.

Ṣùgbọ́n gbìyànjú èyí. Ká ní bàálù rẹ lófìfo jẹ́ 1,450 pọ́n-ùn. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, 330. Epo gálọ̀nù 20 dípò 40, 120. Àpapọ̀ 1,900. Ní ìwọ̀n yẹn, 1,440 á fà sílẹ̀ sí nǹkan bíi 980. Tí ooru bá jẹ́ dígíìrì 25, lórí koríko gbígbẹ, ó di 1,294; fi 1.33 lé e, 1,721. Ó gbà. O ò ra nǹkan kan, o kàn fi epo àtàwọn ọmọ sílẹ̀ ni. Kí wọ́n gba ojú títì wá bá yín.

BàbáTayọ̀_Anchorage

Ìyá ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti fídíò. Àwọn tó ń díje ìgbéra àti ìbalẹ̀ kúkúrú ní Valdez, níbí ní Alaska, lóṣù May, àwọn tó wà ní ìsọ̀rí tó fúyẹ́ jù lọ, wọ́n máa ń gbéra tàbí balẹ̀ láàárín ohun tí kò tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Òótọ́ ni, mo máa ń lọ wò ó. Kí ló wà nínú bàálù yẹn? Ènìyàn kan, epo díẹ̀, kò sí àga ẹ̀yìn, kò sí rọ́ọ̀gì, atẹ́gùn sì ń kọjú sí wọn láti orí omi. Bàálù eré ìdíje ni. Ẹni tó ń kó ìdílé àti ẹrù lọ sínú igbó ní Alaska ń lo bàálù tó lágbára ju tìrẹ lọ dáadáa, pápá rẹ̀ sì gùn ju ti inú fídíò lọ.

Èyí tó kàn ọ́ ni eré. Ìwé rẹ ní kí o gbé 59 knot wá sí pápá kúkúrú, flap (pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀) ní dígíìrì 40. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò òfurufú tó ti ń balẹ̀ sórí ọ̀dà gígùn máa ń gbé 70 wá, torí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. 70 lórí 59, o máa sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, agbára tí bíréèkì yóò pa á fi nǹkan bíi 40% lé. Kò sí ohun èlò kankan tí o lè rà tó máa dá ìyẹn padà fún ọ. Ní 1,900 pọ́n-ùn, eré tó tọ́ tiẹ̀ sún mọ́ 54. Lọ sórí pápá ọ̀dà tó gùn, mú ìlà funfun kan, kí o máa fi táyà ẹ̀yìn lù ú, títí tí kò fi ní yà ọ́ lẹ́nu mọ́ pé o lù ú.

Mẹkáníìkì_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ irin ni tèmi.

VG kọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ tó fara kan awọ ìyẹ́ máa ń rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn. Bí imú bàálù bá ga jù, èyí tó ti rẹ̀ yìí á já kúrò lára ìyẹ́. Ibẹ̀ ni stall ti ń wá, ìyẹn ni pé ìyẹ́ ò lè gbé bàálù dúró mọ́. VG jẹ́ irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí a tò sí òkè ìyẹ́, kò jìnnà sí imú rẹ̀. Wọ́n ń po afẹ́fẹ́ tó yára mọ́ èyí tó ti rẹ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ pẹ́ sí i. Wàá rí knot mélòó kan gbà lára eré stall, aileron (pátákó etí ìyẹ́ tó ń tẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́) á sì máa gbọ́ràn sí ọ lọ́wọ́ nígbà tí bàálù ń rìn jẹ́jẹ́. Èyí kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló ń gbani lọ́wọ́ atẹ́gùn tó bá kọlu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Owó rẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo ohun tí o dárúkọ. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé aṣọ ìbora ìyẹ́ máa ń há sí i lára, fífọ bàálù náà sì di sùúrù.

Cuff gba iṣẹ́ jù ú lọ. Ó ń sọ imú ìyẹ́ di roboto, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ti Sportsman mọ síbẹ̀. Ti Horton tún ń fi odi kékeré sórí ìyẹ́, ó sì ń dí àlàfo ẹnu aileron. Ti Robertson ló le jù, torí aileron fúnra rẹ̀ á máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú flap. Ẹni tó bá ń wa ìyẹn gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ lórí rudder (pátákó ìrù tó ń darí imú), torí bí o bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún, imú bàálù á kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí òsì.

Ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa la mọ H2AD, camshaft àti lifter rẹ̀ (àwọn irin tó ń ṣí fáfù) máa ń jẹ ara wọn, pàápàá bí bàálù bá ń jókòó lásán nínú ilé. Bó bá ti ń súnmọ́ ìgbà tí a máa tú u palẹ̀, má wulẹ̀ tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni kí o sọ ọ́ di O-360, 180 hp. Òun nìkan ni nǹkan tó ń ràn ìgbéra lọ́wọ́ ní tòótọ́ nínú àwọn tí o kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: lára àwọn ìwé àṣẹ 180 hp yìí, àwọn kan á gbé ìwọ̀n rẹ dé 2,550, wọ́n á sì dá flap rẹ dúró sí 30 dípò 40. Tí ìwọ̀n tuntun yẹn bá wá sún ọ kó ẹrù sí i, pápá náà ò kúrú mọ́ fún ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣáájú gbogbo èyí, dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga rẹ, tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn pedal rudder. Wo ògiri irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ àti ẹ́ńjìnnì. Bí awọ rẹ̀ bá ti hunjọ, tàbí tí o rí dúdú tó ń ṣàn kúrò lẹ́nu rivet, ẹnì kan ti fi táyà iwájú bàálù yẹn balẹ̀ rí. Orí ògiri yẹn ni gbogbo ẹsẹ̀ iwájú 172 so mọ́. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tún ìyẹn ṣe kí o tó lọ sórí koríko rárá.

Dèjì701

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàálù onísìtífíkéètì láti ilé iṣẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò ṣe kọ́ tiyín fúnra yín? Zenith CH 701 lèmi kọ́ sínú gáréèjì. Chris Heintz ló yà á, láti 1986 ló ti wà. Slat rẹ̀, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ìyẹ́, kì í yí, ó dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, flap àti aileron rẹ̀ sì jẹ́ ohun kan náà. Mo ti yọ slat kúrò, mo fi VG rọ́pò rẹ̀. Eré rẹ̀ lófurufú gbé sókè, imú rẹ̀ kì í sì ga bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá ń balẹ̀, mo ń rí iwájú mi.

BàbáTayọ̀_Anchorage

Dèjì, ìwọ àti ọ̀rọ̀ slat yìí. Nǹkan àtijọ́ ni slat, kì í ṣe àṣerégèé. Bàálù Storch ti Jámánì gbé e lọ sókè ní 1936, ti bàálù Helio Courier sì ń jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí eré bá dínkù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí imú lè ga gan-an láìsí stall. Bí o bá yọ ọ́, igun tí ìyẹ́ fi ń já ti yí padà, bàálù mìíràn lo ń wà. Ó lè dára jù fún pápá tìrẹ, mi ò jiyàn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má kà á níbí kó lọ yọ tiẹ̀ lálẹ́ òní.

Dèjì701

A gbọ́, bàbá. Mo padà sínú ìdánwò, mo sì fẹ̀rí sínú ìwé bàálù. Lọ́dọ̀ FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, àyípadà ńlá báyìí lára bàálù tí èèyàn kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń dá a padà sí ìpele ìdánwò fún wákàtí 5, ó kéré tán, láìgbé èrò. Mo ṣe ju ìyẹn lọ.

Mẹkáníìkì_Àgbà

Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà fún Àṣá. Dèjì lè mú ṣísẹ́ẹ̀lì. Tìrẹ, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ní STC (ìwé àṣẹ FAA fún àyípadà lára irú bàálù kan) fún 172N gan-an, kí mẹkáníìkì tó ní àṣẹ ìyẹ̀wò (IA) fọwọ́ sí Form 337, ìwé tí a fi ń kọ àtúnṣe ńlá sílẹ̀, kí ìwọ̀n àti ibi tí ìwọ̀n dúró sí di títún kọ. STC méjì tí kálukú wọn bófin mu lè má bá ara wọn gbé lórí ìyẹ́ kan náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó, ẹ sì sọ fún oníbánigbófò yín.

Ọmọ_Ìlọrin

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ará òkè òkun. Àwa tí a wà nílé náà ń kà yín o. Bí mo bá ní kí n gbé bàálù kékeré báyìí lọ sí Jos ńkọ́?

Ìyá_Páílọ́ọ̀tì

Ọmọ mi, pápá Jos gùn, ìyẹn ò ní dá ọ láàmú. Gíga rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà 4,232 ni ju òkun lọ. Ooru tó bá ìwé mu níbẹ̀ yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi dígíìrì 6.5. Tí ooru bá dé 28, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 21. Dígíìrì kan dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 120 ẹsẹ̀ bàtà. Bàálù rẹ á rò pé òun wà ní bíi 6,800. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo ń pàdánù nǹkan bíi 3% agbára rẹ̀ lórí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìdá kan nínú márùn-ún 160 hp ti lọ kí o tó ti tọ́tù síwájú. Àwọn ará Idaho tó ń lọ sí pápá Johnson Creek láàárín òkè mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń jáde kí oòrùn tó mú. Ní ti àyípadà lára bàálù tó ní nọ́ńbà 5N, ti Nàìjíríà, NCAA ni kí o bi kí o tó ra ohunkóhun, torí pé STC ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Àṣá_Katy

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri náà, ó mọ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Propeller ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n fi èyí tí pitch rẹ̀ (igun abẹ̀bẹ̀ rẹ̀) kéré sí i. Èkejì, táyà: ṣé 8.00-6 á wọ̀ ọ́?

Mẹkáníìkì_Àgbà

Propeller dáa, bí o bá lè fara da ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Pitch tó kéré dà bí danfo tó wà ní jíà kìíní: ó máa gbéra kánkán, ẹ́ńjìnnì á yí dé agbára rẹ̀ nígbà tí o nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n lófurufú á máa ké, eré rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ìlà pupa 2,700 rpm (ìyípo ní ìṣẹ́jú kan) ni, ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ tí o bá ti gbé imú sílẹ̀. Pitch tó bá ìwé bàálù rẹ mu nìkan ni kí o fi sí i. Ti fífẹ́ ìgbéra láìṣe ẹ́ńjìnnì tuntun, òun ni mo máa fi ṣáájú VG.

Táyà: 6.00-6 ni ti ẹ̀yìn rẹ, 5.00-5 ni ti iwájú. 8.00-6 wọ ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, iwájú sì máa ń fẹ́ fọ́ọ̀kì tó tóbi sí i. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí ti ọ̀rẹ́ rẹ kò béèrè fún un. Yọ ìbòrí táyà kúrò kí ẹrẹ̀ má bàa kún inú rẹ̀, ó tó.

Ìyá_Páílọ́ọ̀tì

Bí o bá wá fi VG tàbí cuff sí i lọ́jọ́ kan, ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé ìpolówó. Bí imú bá ga, ihò tí aago eré ń gba afẹ́fẹ́ ò kọjú sí afẹ́fẹ́ tààrà mọ́, aago á máa pa irọ́. O lè rí 35 níbi tí òótọ́ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Má ṣe wá fi nọ́ńbà irọ́ yẹn ṣe 1.3, ìlọ́po eré stall, tí o máa fi wọlé. Gòkè lọ sí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú olùkọ́, kí o ṣe stall rẹ̀ ní gbogbo ipò flap, kí ara rẹ mọ bó ṣe ń rí kó tó já. Àwọn tó ń kú lẹ́yìn tí wọ́n tún ìyẹ́ ṣe, ibi ìyípo tó kẹ́yìn sí pápá ló ti ń ṣẹlẹ̀, ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbàgbọ́ pé bàálù wọn ò lè já mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ tipẹ́: atẹ́gùn ibẹ̀ ń ti ibo wá?

Àṣá_Katy

Láti òkun ni, mà, gúúsù sí gúúsù ìlà-oòrùn, lọ́pọ̀ ìgbà. Àfi bí òtútù bá dé láti àríwá.

Ìyá_Páílọ́ọ̀tì

Ẹ wò ó! Ìyẹn ni pé o máa kọjú sí gúúsù gbéra, igi wà lẹ́yìn rẹ. Ìgbéra ti fúyẹ́. Ìbalẹ̀ ló wá di iṣẹ́, torí orí igi lo máa gbà wọlé. Tún un ṣírò: 1,250, ní 1,900 pọ́n-ùn ó di nǹkan bíi 1,030. Koríko gbígbẹ 1.15, ooru dígíìrì 25, 1.05, ààbò ìbalẹ̀ 1.43. Ó súnmọ́ 1,780. Ó wọ̀ ọ́, ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù tí mo ní àwọn ará Idaho ń lọ yẹn, ìrì wà lórí koríko. Koríko tútù ní ìbalẹ̀ jẹ́ 1.35. Ìyẹn gbé e kọjá 2,000. Nítorí náà dúró kí ìrì gbẹ kí o tó lọ balẹ̀. Bí o bá sun ibẹ̀, o lè gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá yí sí àríwá, ẹ wa mọ́tò lọ.

BàbáTayọ̀_Anchorage

Nínú 1,250 yẹn, 730 lo ń ná sínú afẹ́fẹ́, láti orí igi dé ibi tí táyà kan ilẹ̀. Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn àwọn igi náà ni? Ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi fún ọjọ́ kan. Kò sí STC, kò sí Form 337.

Àṣá_Katy

Mo ti pè é. Ó ní igi òun ni, kí n wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí a ṣe gé e tó?

Mẹkáníìkì_Àgbà

Kì í ṣe àwọn tó wà lójú ìlà pápá nìkan o; ẹ gé e fẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, kí ìyẹ́ lè ráàyè bí atẹ́gùn bá tì ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wú kùkùté rẹ̀ pátápátá, ẹ dí ihò rẹ̀, ẹ fi mọ́tò yí i mọ́lẹ̀. Kùkùté tó pamọ́ sábẹ́ koríko ní ẹnu pápá, ẹsẹ̀ iwájú 172 ló ń wá.